Ojú-Ni-Tépù àti Aṣọ Tó Tóbi Ju Ọmọ Lọ

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí àkàbà yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kí búrọ́ọ̀ṣì já bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n má sì lè kọ lẹ́tà kan mọ́ láyé mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìbúra ńlá nìyẹn. Èmi ni mo kọ gbogbo pátákó tó wà ní òpópónà wa, láti ti ẹni tó ń gẹrun títí dé ti ilé ìwòsàn. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé, mo sì kọ́ ọ débi pé ìjì tó ṣí òrùlé ilé mẹ́ta lọ́dún kan, nígbà tó dé iwájú pátákó mi, ńṣe ló dúró kà á tán kó tó yà gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo ń sọ.

Télọ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Tépù máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ bíi ti gbogbo télọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ lásán ni, kì í fi wọn ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá wọlé, á wò ó lẹ́ẹ̀kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á ní, "Ó ti tó, ẹ máa lọ." Nígbà tí aṣọ bá sì jáde, á bá ara onítọ̀hún mu bí ẹni pé wọ́n jọ wáyé ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ojú-Ni-Tépù. Ọkùnrin kan wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀sì ò dúró o, télọ̀ yìí kàn yọjú lójú fèrèsé ni, ó sì rán ṣòkòtò dè é. Nígbà tí ọkùnrin náà tún gba ọ̀nà wa kọjá lọ́dún kejì, ṣòkòtò náà bá a mu rẹ́gí. Mo wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀, dúdú, ó sì wúwo bí òkú màlúù. Bó bá ti fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dà rẹ̀, ariwo tó ń pa kì í ṣe kékeré. Ìyá eku tó wà lájà wa kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án gangan, ó sì kó lọ sí òpópónà kejì. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé, bí èèyàn bá ń bá télọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ, kò ní dúró. Á kàn mi orí, á ní, "Mo ń gbọ́, mo ń gbọ́." Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa lọ sókè sódò. Lọ́jọ́ kan mo yọjú sí i, mo ní, "Télọ̀, ìyàwó mi bí erin láàárọ̀ yìí o!"

Ó ní, "Mo ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ kú ewu ọmọ."

A fi rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Gbogbo òpópónà ló ń bá a ṣe é. Ẹlòmíràn á sọ fún un pé iná ń jó òrùlé rẹ̀, á ní òun ń gbọ́.

Ọmọ méjì ni télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ bí. Obìnrin ni àkọ́bí, Màdáàmù la máa ń pè é, nítorí pé láti kékeré ló ti ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ bí ọ̀gá, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n jókòó dáadáa. Ọkùnrin ni àbúrò rẹ̀, òun ni a ń pè ní Ìrù, torí pé ibikíbi tí Màdáàmù bá ti yà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní ìlú mìíràn, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Ojú-Ni-Tépù ló ń tọ́ àwọn ọmọ.

Ó sì ń tọ́ wọn o! Bàbá tó bí òun fúnra rẹ̀ kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀ àfi bó bá ti ń tú bẹ́líìtì. Télọ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀, kò sì fi ọwọ́ kan àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Ó ń dáná, ó ń lọ aṣọ ilé-ìwé, ó ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí. Irun Màdáàmù pàápàá, òun ló ń dì í, ó sì ń dì í tíntìntín bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ síliìkì. Àwọn ìyàwó òpópónà wá sọ ọ́ di pàṣán tí wọ́n fi ń na ọkọ wọn. Tèmi ní ilé á ní, "Ẹ lọ wo Ojú-Ni-Tépù, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá." Mo gbọ́ ọ títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Òun náà gbọ́ ọ, orí rẹ̀ sì wú. Èèyàn wo ni orí rẹ̀ kò ní wú?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rán aṣọ ọmọdé fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó ti gbọ́n tó láti wo ara àgbàlagbà, kì í rán aṣọ ọmọdé mọ́ ọn lára. Ó máa ń fẹ̀ ẹ́ lábẹ́ apá, á fẹ̀ ẹ́ ní ìdí, á wá ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, kí ọmọ lè fi dàgbà. Gbogbo télọ̀ ló ń ṣe é, gbogbo ìyá ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Tàwọn ọmọ tirẹ̀ wá pọ̀ lápọ̀jù. Aṣọ kan wà tó rán fún Màdáàmù, aláwọ̀ sánmà, ọlọ́wọ́ gígùn. Bó bá wọ̀ ọ́, tí atẹ́gùn bá fẹ́, àfi bí àgọ́ tó ń rìn. Ìrù máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, a ò sì ní mọ̀ pé ọmọ méjì ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí Màdáàmù tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní òun á máa dá wẹ̀. Télọ̀ ti gbọ́ ọ lórí rédíò pé ọmọbìnrin tó bá ń dàgbà, kí bàbá yẹra fún un, kí ó bọ̀wọ̀ fún un. Ó gbé omi gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó sì ń dúró sí ìta. Ohun tó dára ló ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá wọn dé láìròtẹ́lẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì fún un ní ìsinmi, ó ní òun fẹ́ fi ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Mo wà lórí àkàbà, mo ń kun pátákó tuntun fún ẹni tó ń ta gíláàsì, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú mi. Màdáàmù fi igbe bọnu, ó sáré jáde nínú aṣọ aláwọ̀ sánmà náà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Ṣé ẹ ti gbé garawa kan rí, tí ẹ rò pé omi kún inú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé òfìfo ni? Bí ọwọ́ ṣe máa ń fò sókè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ obìnrin náà ṣe fò sókè. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ pòórá. Ó rọra gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ aṣọ náà mọ́ ọn lára, ní ẹ̀gbẹ́, ní ẹ̀yìn, ní ìbàdí.

Ó ní, "Bàbá wọn, ọmọ mi dà?"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín láti ìdí ẹ̀rọ. "Kò mà ju iwájú rẹ lọ."

"Mo ní ọmọ mi dà? Aṣọ nìkan ni mo gbé yìí!"

Ẹ̀rọ dákẹ́.

A gba ilé ìwòsàn lọ lọ́sàn-án yẹn kan náà. Èmi ni mo gbé Ìrù. Dókítà, ọmọbìnrin kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, bọ́ aṣọ náà, gbogbo wa sì wo òkè aja, nítorí kò sí ẹni tó lè wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ikùn ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè pé, "Láti ìgbà wo ló ti ń sọ pé inú ń run òun?"

Télọ̀ dá a lóhùn wéré, "Dókítà, kò sọ ọ́ rí. Ọmọ yìí máa ń sọ gbogbo nǹkan fún mi. Mi kì í nà wọ́n, wọn kì í bẹ̀rù mi."

Màdáàmù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò bínú, kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń sọ fún olùkọ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá òun. Ó ní, "Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́."

 Télọ̀ jókòó sórí àga tó wà nídìí ògiri. Nígbà tó ṣe, mo wo ilẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè sódò lórí sìmẹ́ńtì bí ẹni pé pẹ́dà wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Màdáàmù. Wọ́n sọ pé ohun tó wà nínú ikùn náà ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti tàn ká. Màdáàmù pẹ́ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó ń pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tẹ́ aṣọ ibùsùn. Ìrù kì í kúrò létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á jọ máa sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Kí oṣù náà tó parí, Màdáàmù fi ayé sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní aṣọ aláwọ̀ sánmà náà ni kí wọ́n fi sin ín, torí òun ló fẹ́ràn. Télọ̀ gbé aṣọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó yọ tépù kúrò lọ́rùn láti fi wọn ènìyàn. Ó wọn ọmọ rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, èjìká, àyà, ìbàdí, ó wá gé aṣọ náà mọ́ ọn lára rẹ́gí. Ìrépé tó gé kúrò níbẹ̀ tó láti rán aṣọ fún ọmọ mìíràn. Mo rò pé òrùn wọ̀ lọ́jọ́ náà kí àkókò rẹ̀ tó tó, bí ẹ bá sì bi mí léèrè, mo lè búra sí i.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ìbá sàn kó bá a jà. Ó di ẹrù Ìrù sínú báàgì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Mo ń mú un lọ sọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá gba ọlidé, á máa wá kí yín. Bàbá wọn, ọjọ́ tí ọmọ yìí bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún fún yín, láìjẹ́ pé ẹ bi í, ọjọ́ náà ni n óò fi í sílẹ̀ fún yín."

Télọ̀ ní, "Mo gbọ́." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkùnrin yìí ń wá láyé. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ́kọ́ ń wá a kò dára. Bí Ìrù bá dé lọ́lidé, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ á ti fa tépù yọ. Á wọn apá rẹ̀, á wọn ikùn rẹ̀, á wọn ọrùn rẹ̀ láàárọ̀, á tún wọ̀n ọ́n lálẹ́. "Ṣé inú ń run ọ́? Orí ńkọ́? Sọ fún mi, ọkọ mi, ibo ló ń dùn ọ́?" Ọmọ náà á ní, "Kò síbì kan." Nígbà tó yá, ó máa ń sá sábẹ́ tábìlì bó bá ti rí tépù.

Èmi ni mo mú télọ̀ lọ síbi ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn bàbá lórí ọmọ títọ́. Èmi náà ni mo kúkú kọ pátákó rẹ̀, lẹ́tà pupa lórí funfun, ó mọ́lẹ̀ débi pé àwọn bàbá tó ń bọ̀ láti òkèèrè ń fi ọwọ́ bojú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń kọ́ wọn ní yàrá àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, orí àga kéékèèké ni wọ́n sì jókòó sí. Awakọ̀ kan tó sanra dìde láti béèrè ọ̀rọ̀, àga bá a dìde.

Nọ́ọ̀sì bi télọ̀ pé, "Ẹ̀yin, bí ọmọ yín bá dé, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wọ̀n ọ́n, mà. Mo wá ń bi í léèrè ohun tó ń ṣe é."

"Ó máa ń dáhùn?"

"Ó máa ń ní kò sí nǹkan."

"Ẹ ti sọ ara yín di ọlọ́pàá nìyẹn. Ta ló ń fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi òun. Obìnrin náà rí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bi í mọ́. Ẹ kàn wà nítòsí rẹ̀. Ẹ má sì mú nǹkan kan lọ́wọ́."

Télọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mà, kí ni màá wá fi wọ́n ṣe?"

"Ẹ gbé wọn lé orúnkún."

Nígbà tó padà dé ìdí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá a sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń ta omi tó kàn kí i lásán, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dà, á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á wá wojú onítọ̀hún. Aṣọ tó ń parí láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gba ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ mú un rẹ́rìn-ín, mo yọjú, mo ní, "Télọ̀, ìyàwó mi tún bí erin o!" Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Kò ṣeé tún sọ. Mo padà sídìí kíkùn mi.

Kò sì rán aṣọ ọmọdé tó tóbi mọ́. Ìyá kan bínú sí i. Ó ní, "Télọ̀, èwo ni kó mọ́ ọn lára báyìí? Ọmọ yìí á dàgbà o!"

Ó ní, "Kó dàgbà, mà. Bó bá ti dàgbà, ẹ mú un wá kí n rí i."

Ọlidé kan tún wá dé. Ìrù wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń to bọ́tìnnì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀ṣìngín kan dúró lé télọ̀ lórí fún aṣọ ìgbéyàwó. "Télọ̀, ọ̀la ni o! Ẹ̀ ń gbọ́? Ọ̀la!" Ẹ̀rọ ń dún gìdìgìdì. Mo wà níta lórí àkàbà mi nígbà tí mo gbọ́ igbe:

"BÀTÀ MI Ń FÚN MI!"

Ẹ̀rọ dúró lójijì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo yọjú. Ẹsẹ̀ télọ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ìrù dúró níwájú rẹ̀, ó ranjú mọ́lẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ibẹ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́, ó tún fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo: "BÀTÀ MI Ń FÚN MI LẸ́SẸ̀!"

Télọ̀ ní, "Mo gbọ́, ọkọ mi. Kí ló dé tó o fi ń pariwo báyìí?"

Ọmọ náà ní, "Màdáàmù ló ní kí n máa pariwo. Nígbà tí wọ́n wà nílé ìwòsàn. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀, kí n pariwo gan-an, torí ẹ̀rọ."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó ti ń kánjú yẹn wá àpótí kan, ó jókòó, ó sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Télọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn bọ́tìnnì. Ó bọ́ bàtà náà. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ti bó. Mo rí i tí ẹnu télọ̀ ṣí láti béèrè pé láti ìgbà wo, ó sì pa á dé. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀ ni. Ìrù wá ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, lóhùn jẹ́jẹ́ báyìí: pé eyín òun kan ń mì, pé ọmọ kan ní ilé-ìwé ń fa òun létí, pé nígbà mìíràn òun máa ń gbàgbé bí ohùn Màdáàmù ṣe rí. Bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbàgbé láti tì, kò nù ún, nítorí kò fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ aránbàtà tó wà ní ìkángun òpópónà. Ìṣó-Lẹ́nu ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, torí pé ìṣó kì í kúrò láàárín ètè rẹ̀, bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Ìṣó-Lẹ́nu fi ìṣó ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Nọ́ńbà wo ló ń wọ̀? Àbí kí ni mo ń bi ọ́ sí? Ojú-Ni-Tépù, ìwọ tó ò ń fi ojú wọn gbogbo ayé, wò ó fún wa jàre!"

 Télọ̀ yọ tépù kúrò lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó nà án láti gìgísẹ̀ dé orí ìka. Ó gbìyànjú láti ka ohun tó wà níbẹ̀, omijé kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ ríran. Aránbàtà wò ó, ó yọ gbogbo ìṣó ẹnu rẹ̀ síta, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí kó ṣe rí láti ìgbà tó ti dáyé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bá a kà á.

Ó rọra béèrè pé, "Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un, kó lè fi dàgbà?"

Télọ̀ ní, "Rárá. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kó wà. Bó bá kéré, á sọ fún mi."

Nígbà tí ìyá Ìrù dé láti mú un padà, ó tẹ orí bàtà tuntun náà, ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá tí Màdáàmù ń sùn sí tẹ́lẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹrù tirẹ̀ nìkan ló gbé nígbà tó ń lọ.

Ìrépé aṣọ aláwọ̀ sánmà yẹn ṣì wà nínú agolo kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ṣì ń pariwo, ó sì máa ń dákẹ́ lójijì lọ́sàn-án, tí gbogbo òpópónà á mọ̀ pé ọmọ kan ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, Ìṣó-Lẹ́nu kò tíì kú. Ìdí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹni tó ń ta gíláàsì ló ń jókòó sí, lábẹ́ pátákó tí mo kọ. Ẹ ní kó yọ ìṣó ẹnu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti dárúkọ bàtà yẹn, á yọ ọ́.